Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Monílọ́lá Oyèdèjì, Ẹni Tó Kó Fíìmù Ayé Àtijọ́ Jọ sí Ọ̀rẹ̀

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 1934 ni a bí Monílọ́lá, ìyá wa, ní ìlú Ajue nínú ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ọmọ Pa Ikúyìnmínù ni wọ́n, àgbẹ̀ tó fi àdá ara rẹ̀ ṣán igbó tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ lára rẹ̀ títí di òní. Yèyé Ìbídùn, tó ń ṣe epo pupa, ni ìyá wọn. Ọmọ mẹ́jọ ni Yèyé Ìbídùn bí. Méjì péré ló yè: Màmá, àti àbúrò wọn ọkùnrin, Akínwọlé, tó jókòó sí àárín wa lónìí. Màmá sọ fún wa nígbà kan pé ohun tí àwọn kọ́kọ́ mọ̀ nípa ayé ni pé ohun tí èèyàn bá fẹ́ràn kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni.

Wọ́n wọ ilé-ìwé ìjọ ní Ajue ní ọdún 1941, wọ́n sì ka ìwé mẹ́fà jáde ní Òkìtìpupa ní ọdún 1949. Yèyé Ìbídùn ló tẹnu mọ́ ọn pé ọmọbìnrin náà gbọ́dọ̀ kàwé. Ní Oǹdó ni wọ́n ti kọ́ ìwé títẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 1954, àgọ́ àwọn onígẹdú kan lẹ́bàá Araromi-Obu gbà wọ́n sí iṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni láti máa fi ẹ̀rọ tẹ iye igi tí wọ́n gé àti ibi tí wọ́n ń kó o lọ.

Ọ̀gá àgọ́ náà jẹ́ òyìnbó láti ilẹ̀ Denmark, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní Bàbá Pẹ́ẹ́tà. Bàbá tirẹ̀ ti ní ilé sinimá rí, láyé ìgbà tí fíìmù kò tíì máa sọ̀rọ̀. Nígbà tí fíìmù gba ohùn, kò sẹ́ni tó tún fẹ́ wo àwọn ti àtijọ́ mọ́. Òyìnbó yìí kò jẹ́ kí wọ́n dà wọ́n nù. Ó kó méjìlélógún nínú wọn wọ inú igbó wa, ó sì ń fi wọ́n han àwọn agégẹdú ní ọ̀sán Sátidé, nínú sítọ̀ tí wọ́n fi àpò kòkó dí fèrèsé rẹ̀.

Fíìmù ìrìn àjò eléwu ni gbogbo wọn. Ọkùnrin a máa fi okùn sọdá ọ̀gbun, reluwé a máa já bọ́ sínú odò, àwọn èèyàn a máa rìn nínú yìnyín títí ọ̀kan lẹ́yìn èkejì yóò fi ṣubú. Láti ilẹ̀ Denmark, láti Ítálì, láti Jámánì, láti Brasil ni wọ́n ti wá, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sáàárín àwòrán kò sì yé ẹnikẹ́ni nínú àgọ́. Èyí tí Màmá kọ́kọ́ wò ni ti obìnrin kan tó di okùn bàlúùnù, àpò afẹ́fẹ́ ńlá tó ń gbé èèyàn fò, mú lókè òkè yìnyín. Nígbà tí ìkọ̀wé jáde lára aṣọ funfun, àwọn agégẹdú kọjú sí atẹ̀wé.

"Àǹtí Monílọ́lá, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?"

Màmá kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ojú ń tì wọ́n láti sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dáhùn ní èdè Ìkálẹ̀ pé Àṣàkẹ́ lorúkọ obìnrin náà, pé ọkọ rẹ̀ wà lódìkejì òkè, pé ó ti búra pé òun kò ní fi ọwọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti di ẹnu àwọn fíìmù yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní àkọlé mọ́, orí wọn ti já. Màmá ló fún wọn lórúkọ.

Ní ọdún 1957, Màmá fẹ́ Láoyè Oyèdèjì, ọmọ bíbí Ìkirè, tó wá dá oko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ní Ago Alayé. Pa Ikúyìnmínù kò kọ́kọ́ gbà. Ó ní àjèjì tí kò ní ilẹ̀ kò lè ní ilé. Ṣùgbọ́n Bàbá wa jẹ́ onísùúrù èèyàn. Òun ló ń fi kẹ̀kẹ́ gbé Màmá lọ síbi iṣẹ́, tí yóò sì dúró wo fíìmù náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù bàlúùnù ń bà á. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ: Péjú ní ọdún 1958, Fẹ́mi ní ọdún 1961, àti Ọláyídé ní ọdún 1965.

Oṣù kẹjọ ọdún 1967, ogun dé Ọ̀rẹ̀. Àwọn òyìnbó sá kúrò nínú igbó, àgọ́ sì di ahoro. Ìbọn ń dún ní ojú ọ̀nà, gbogbo èèyàn ń sá lọ sí abúlé, àfi Màmá àti Bàbá tí wọ́n padà sínú àgọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ru àwọn agolo fíìmù àti ẹ̀rọ sinimá jáde. Wọ́n kó wọn pamọ́ sí abẹ́ ewé kòkó ní Ago Alayé. Nígbà tí ogun parí, tí Màmá àti Bàbá ti kó wọn wá sí ilé wọn ní Ọ̀rẹ̀, Bàbá Pẹ́ẹ́tà kọ̀wé láti ìlú rẹ̀. Ó ní: "Tìrẹ ni wọ́n. Má jẹ́ kí wọ́n kú." Kò pẹ́ sí i ni òun alára kú.

Láti ìgbà náà ni kíkó fíìmù jọ ti wọ Màmá lẹ́jẹ̀ẹ́. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn ní ilẹ̀ yìí, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń ra wúrà, Màmá ń kọ̀wé sí àwọn ilé sinimá tó ti kógbá wọlé, sí àwọn fádà àgbà, sí àwọn awakọ̀ ojú omi ní Sàpẹ̀lẹ̀. Fíìmù olókìkí kì í wù wọ́n. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò béèrè mọ́ ni wọ́n ń wá. Ní ọdún 1980, wọ́n ti ní mọ́kànlélọ́gọ́ta. Wọ́n ń gbé wọn káàkiri Odigbó, Ajue àti Araromi-Obu pẹ̀lú Àmúsà, ọmọ Ìwó tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, tó fi alùpùpù rẹ̀ ru ẹ̀rọ náà fún ọdún mẹ́tàlá láìgba ohunkóhun ju oúnjẹ lọ.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé iṣẹ́ tí Màmá ṣe fún ìlú. Láti ọdún 1968 ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn kọ lẹ́tà fún àwọn alágbàro àti àwọn àjèjì tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ń dà láàmú. Wọ́n jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ wà níbí, ọwọ́ Màmá ló kọ lẹ́tà tó mú ọmọ yín wọ ilé-ìwé.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀wọ́n dé. Àwọn ológun gbàjọba ní ìparí ọdún 1983, wọ́n sì ti ẹnu ibodè. Ohun tó ń ti òkè òkun wá kò wá mọ́. Ẹ̀rọ sinimá Màmá ń lo gílóòbù kan tí wọn kì í ṣe ní ilẹ̀ yìí, gílóòbù tó gbẹ̀yìn sì kú ní oṣù kọkànlá ọdún 1985, ní sítọ̀ kòkó kan ní Araromi-Obu, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ọ̀sán. Àṣàkẹ́ wà lórí okùn lọ́wọ́. Ojú aṣọ ṣàdédé dúdú. Obìnrin kan béèrè pé, "Ṣé ó já bọ́ ni?"

"Kò já bọ́," ni Màmá wí. "Ẹ máa lọ sílé."

Wọ́n kọ̀wé sí ibi mẹ́rìndínlógún nítorí gílóòbù yẹn. Èsì kò wá. Wọ́n tún kọ̀wé sí ilé ìtọ́jú fíìmù kan ní Yúróòpù, wọ́n sì tẹ orúkọ gbogbo fíìmù wọn síbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí àkọlé kò sí, wọ́n ṣàpèjúwe ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oṣù mọ́kànlá kọjá kí èsì tó dé, ní ọdún 1988. Àwọn ará ibẹ̀ ní mẹ́rin nínú àwọn fíìmù náà, tí ti Àṣàkẹ́ jẹ́ ọ̀kan, ni gbogbo ayé ti gbà pé wọ́n ti parun. Kò sí ẹ̀dà mìíràn tí wọ́n mọ̀. Wọ́n bẹ Màmá kí wọ́n má ṣe fi wọ́n sórí ẹ̀rọ mọ́, kí wọ́n fi wọ́n síbi tó tutù, kí wọ́n sì wá ọ̀nà láti fi wọ́n ránṣẹ́.

"Mẹ́rin, Láoyè," ni Màmá wí. "Mẹ́rin tí kò sí níbòmíràn."

Bàbá wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Níbo ló tutù ní Ọ̀rẹ̀?"

Ìlú tí iná mànàmáná ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Bàbá gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ri àmù mẹ́rin mọ́ inú yanrìn, ó fi ọ̀dà dí ẹnu wọn. Ó ní ibi tí omi mímu bá ti ń tutù, àwọn náà yóò tutù níbẹ̀. Àwọn mẹ́tàdínlọ́gọ́ta tó kù wà nínú yàrá, ooru sì ti ń bà wọ́n jẹ́. Òórùn kíkan kan, bí omi ògì tó ti pẹ́ ju ọjọ́ rẹ̀ lọ, gba gbogbo ilé.

Bàbá wa ṣàìsàn ní oṣù kejì ọdún 1990. Òògùn tí dókítà kọ, a wá a dé Oǹdó, a wá a dé Ìjẹ̀bú-Òde, kò sí. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi ń mí hẹlẹhẹlẹ, lójú wa, kí wọ́n tó lọ. Màmá kò sunkún lójú gbangba. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìsìnkú ni wọ́n wọkọ̀ lọ sí Èkó láti béèrè ìwé àṣẹ tí wọn yóò fi kó fíìmù náà jáde.

Ìwé yẹn gba ọdún mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni Màmá lọ. Péjú bá wọn lọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbọ́ bí akọ̀wé ọ́fíìsì náà ṣe ń bi wọ́n léèrè láìgbójú sókè.

"Màmá, àwòrán ìhòhò ni?"

"Rárá o."

"Ti òṣèlú ńkọ́? Ẹ mọ irú àkókò tí a wà."

"Obìnrin tó di okùn bàlúùnù mú ni."

"Ẹ padà wá lóṣù tó ń bọ̀."

Nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ wálé, Péjú sọ fún Màmá pé kí wọ́n jọ̀ọ́ fi í sílẹ̀. Nígbà tó di oṣù tó tẹ̀ lé e, Màmá tún wọkọ̀ lọ.

Àṣẹ jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 1993. Ilé ìtọ́jú fíìmù náà kọ̀wé pé àwọn yóò rán ọkùnrin kan wá kó wọn ní oṣù keje. Kí oṣù keje tó dé, wọ́n fagi lé ìbò. Taya ń jó ní oríta, ọ̀nà Èkó dí, wọ́n pa èèyàn. Lẹ́tà dé pé ìjọba ọkùnrin náà kò gbà kó rìnrìn àjò wá síhìn-ín, kí Màmá máa ní sùúrù. Nígbà tó di ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn òṣìṣẹ́ epo daṣẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ kò rìn. Ní oṣù kẹjọ, Màmá àti Àmúsà ṣí àwọn àmù náà wò. Fíìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì mọ́, wọ́n ṣì rọ̀. Wọ́n tún dí wọn padà.

Ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án ọdún 1994, Màmá yọ̀ ṣubú níbi tí wọ́n ti ń pọnmi, eegun ìbàdí wọn sì ṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Oǹdó, ìgbà kan sì wà tí àwọn nọ́ọ̀sì ní kí a ránṣẹ́ sí ẹbí. Péjú, tó jẹ́ tíṣà ní Àkúrẹ́, wá sí Ọ̀rẹ̀ láti máa gbé oúnjẹ lọ fún wọn, ó sì mú ọmọ rẹ̀, Oyin, ọmọ ọdún márùn-ún, dání. Oyin ní ikọ́ fée. Òórùn inú ilé yẹn dè é láyà. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n dé, ètè ọmọ náà dúdú, ó ń wá èémí bí ẹni tó ń rì.

Péjú kó gbogbo agolo jáde. Ó ṣí mẹ́ta: fíìmù inú wọn ti lẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀kọ àná, ó ń di ìyẹ̀fun. Ó gbà pé bákan náà ni gbogbo wọn. Jàmíátù, tó ń yan gàrí lójúlé kejì, kó àwọn agolo láti fi bo gàrí rẹ̀. Omi sì ń wọ́n wa, nítorí náà Péjú wú àwọn àmù náà pẹ̀lú láti fi tọ́jú omi. Àmúsà dé bá a níbẹ̀.

"Sìsí Péjú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró kí Màmá dé."

"Màmá lè má dé mọ́, Bàbá Àmúsà. Ọmọ tó wà láàyè ni mò ń wò."

"Àwọn mẹ́rin yìí kò bàjẹ́. Mo fi ojú mi rí i."

Ó gbọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a kọ ọ́ pé òun gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́sàn-án tí àwọn lẹ́tà yẹn fi ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ ti sú u, ó sì rò pé bàbá òun ìbá ṣì wà láàyè ká ní ìlú yìí jẹ́ ibi tí nǹkan ti ń dé. Ó da àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ìyókù nínú kòtò kan lẹ́yìnkùlé, ó sì ṣáná sí i. Wọn kò tètè jó. Èéfín dúdú ni wọ́n ń rú títí di ọjọ́ kejì.

Màmá dé ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá lórí ọ̀pá méjì. Wọ́n ní kí a gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Wọ́n dúró lábẹ́ àgbálùmọ̀.

"Ta ló wú àmù kúrò nílẹ̀?"

"Èmi ni, Yèyé."

"Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

Péjú kúnlẹ̀. Màmá wo orí rẹ̀ pẹ́, wọ́n wá wo Oyin tó ń sáré lẹ́yìn adìyẹ.

"Ṣé àyà ọmọ náà ti fúyẹ́?"

"Ó ti fúyẹ́, Yèyé."

"Ó dáa." Wọ́n sì wọlé.

Wọn kò tún sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Wọn kò bú u, wọn kò bínú sí oúnjẹ rẹ̀. Péjú ní ìbá sàn fún òun bí wọ́n bá gbá òun létí. Òun ló kọ lẹ́tà sí Yúróòpù láti sọ pé fíìmù kò sí mọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà ìgbà yẹn kì í tètè dé ibi tó ń lọ. Ní oṣù kejì ọdún 1995, ọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní oríta Ọ̀rẹ̀ pẹ̀lú kúlà ńlá méjì. Òun ni ọkùnrin tí ilé ìtọ́jú fíìmù náà ti fẹ́ rán wá láti ọdún 1993.

Ó jókòó ní pálọ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Màmá ló fi ẹnu ara wọn sọ fún un. Wọn kò dárúkọ Péjú. "Mo ṣàìsàn," ni wọ́n wí, "iná sì jó wọn." Ọkùnrin náà ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fi ibẹ̀ han òun. Ó bẹ̀rẹ̀ létí kòtò náà, ó ń fi igi tú eérú, ó ń fi ìka jọ̀ ọ́, títí oòrùn fi mú ọrùn rẹ̀ pọ́n. Màmá ń wò ó láti ojú fèrèsé. Kò rí nǹkan kan. Nígbà tó wọlé, ó fọ ọwọ́, ó mú ìwé àti gègé jáde. Ó ní bí Màmá bá lè sọ ìtàn àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, òun yóò kọ ọ́ sílẹ̀, ìyẹn náà yóò ju òfo lọ.

Màmá mi orí. "Ẹ má bínú, ọmọ mi. Mo ti gbàgbé wọn."

Gbogbo àwa tó wà nínú ilé mọ̀ pé wọn kò gbàgbé.

Ó wọkọ̀ padà sí Èkó lọ́jọ́ náà gan-an. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá wá kí Màmá bá wọn tẹ lẹ́tà, wọ́n ń dá a padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n ń lọ sí ìjọ, ṣùgbọ́n wọn kì í kọrin. Fẹ́mi àti Ọláyídé fẹ́ mú wọn lọ sí Èkó, wọ́n kọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹwàá ọdún 1997, Péjú gbé ẹ̀kọ wọlé fún wọn, ó bá wọn lórí àga, wọ́n kọjú sí ògiri. Wọ́n ti lọ. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni wọ́n.

Àwọn kan nínú ẹbí ní kí a yọ ọ̀rọ̀ iná yìí kúrò nínú ìwé ìsìnkú. Péjú ní bí a bá yọ ọ́, kí a yọ orúkọ òun náà, kí ẹnikẹ́ni má baà kí òun lónìí pé òun tọ́jú ìyá òun.

Àwọn tí Màmá fi sílẹ̀ sáyé ni: àbúrò wọn, Akínwọlé Ikúyìnmínù, ní Ajue, àwọn ọmọ wọn, Péjú, Fẹ́mi àti Ọláyídé, àwọn ọmọ-ọmọ wọn, Oyin, Olúwaṣíjibòmí, Motún, àti mẹ́rin mìíràn, àti Àmúsà, tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ wa, ṣùgbọ́n tí orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbí.

Monílọ́lá, ọmọ Ikúyìnmínù, aya Oyèdèjì, ìyá wa: ẹ dárí jì wá, bí òkú bá lè dárí ji alààyè. Kí ilẹ̀ Ajue rọ̀ yín lára. Kí ẹ bá Láoyè yín níbi tí kò ti sí ọ̀wọ́n àti ìdádúró. A kò mọ ohun tí a ó fi tù yín nínú, nítorí náà a dákẹ́. Yèyé, ẹ sùn ire.